Ta Ni Yóò Fún Ìyanu Lóhùn?

Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá léèrè ibi tí Papa Ajasco ti wá, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án nínú wọn dáhùn pé orí tẹlifíṣọ̀n ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n: baba olórí pípá, oníkùn rogodo, tí ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan bí obìnrin bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n kí baba yìí tó di ẹni tí ń rìn tí ó sì ń fọhùn, inú ìwé ni ó ń gbé. Lọ́dún 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn aláwòrán tí ó pè ní Ikebe Super, inú rẹ̀ sì ni Papa Ajasco ti kọ́kọ́ pa àwọn ará Nàìjíríà lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1984, ó di fíìmù. Nígbà tí ẹ̀wádún 1990 ń lọ sópin, ó ti di eré orí tẹlifíṣọ̀n tí tọmọdé tàgbà mọ̀ bí ẹni mowó.

Mo fi Papa Ajasco ṣíde kí ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn aláwòrán, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní kọ́míìkì, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di fíìmù, ti pẹ́ nílé wa. Èmi wà lára àwọn tí ìfẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wọ̀ lára. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ ọ̀kan tí mo fẹ́ràn di fíìmù tàbí kátúùnù, inú mi a dùn, àyà mi a sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olólùfẹ́ ìwé ẹgbẹ́ mi a máa jiyàn lórí aṣọ, lórí irun àti lórí òṣèré tí wọ́n yàn. Ní tèmi, ohun kan ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí sí, ohun náà sì ni ohùn. Èdè wo ni wọn yóò fi sí ẹni tí mo mọ̀ yìí lẹ́nu?

Bàbá Sàlá ọmọ Ìkálẹ̀

Àbúrò bàbá mi kan ní àpótí onípáànù kan nínú yàrá wọn ní Òkìtìpupa. Ìwé ló kún inú rẹ̀. Ikebe Super wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí àwọn àwòrán kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ ojú ọmọdé. Èyí tí wọ́n gbà wá láyè láti máa ṣí wò ni Atọ́ka.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì pé ogójì ọdún má tí ì fojú kan Atọ́ka rí. Ìwé ìròyìn onífọ́tò ni, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìparí ẹ̀wádún 1960, tí ó sì gbajúmọ̀ gan-an ní ẹ̀wádún 1970. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri, irú bíi ti Ọyin Adéjọbí àti ti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, máa ń ṣe eré wọn níwájú kámẹ́rà. Wọn a ya ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, wọn a to àwọn fọ́tò náà tẹ̀léra lójú ìwé, wọn a sì kọ ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń sọ sínú òbìrìkítí funfun kan lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Èdè Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèré kò dé ìlú rẹ̀, tàbí ẹni tí kò rówó san lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, lè ra eré náà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, kí ó sì máa kà á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìrìn-àjò eré inú Atọ́ka yàtọ̀ sí ti Papa Ajasco. Orí ìtàgé ni eré ti gbéra, ó wá wọ inú ìwé. Nígbà tí ó wọ inú ìwé tán, ó ya odi. Ìlù dákẹ́, orin dákẹ́, ohùn àwọn òṣèré tí ènìyàn ń tìtorí wọn sanwó dákẹ́. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà ni yóò wá ohùn fún wọn.

Àbúrò bàbá mi kì í fi Yorùbá tí wọ́n kọ síbẹ̀ kà á fún wa. Bí ojú wọn bá ti ń bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń sọ ọ́ di Ìkálẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Ìkálẹ̀ mọ̀ pé a ní ìró kan tí a máa ń fi gh kọ sílẹ̀, tí ó ń ti ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun jáde, tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Ó sì mọ̀ pé fáwẹ̀lì u lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́nu wa, ohun tí olùkọ́ èdè Yorùbá yóò fi yíǹkì pupa fà igi lé lórí bí a bá kọ ọ́ sínú ìdánwò. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sí Bàbá Sàlá lẹ́nu. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an nínú fíìmù Ọ̀run Móoru, èyí tí ó jáde lọ́dún 1982, tí mo sì wò nígbà tí ó ti di ogbó, ó kọ́kọ́ ṣe mí bí ẹni pé àlejò kan ló gbé aṣọ ẹni tí mo mọ̀ wọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé a máa fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń kà á. Ó fún ọ ní ojú, ó fún ọ ní aṣọ, ó fún ọ ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ohùn sílẹ̀ fún ọ. Ó fi àkókò náà sílẹ̀ fún ọ. Bí ìjà bá le, o lè dúró lórí àwòrán kan ṣoṣo títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀. Bí nǹkan kò bá yé ọ, o lè padà sẹ́yìn. Láàárín àwòrán kan àti èkejì, ẹni tó gbé idà sókè ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìwọ ni o sì fi ọkàn rẹ rí bí ó ṣe sọ̀ ọ́. Fíìmù a máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí fún ọ. Ẹ̀bùn ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni ni.

Ìwé kò bèèrè iná

Ìdí mìíràn wà tí ìwé aláwòrán fi rọ̀ mọ́ àwa ará ìhà ibí yìí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó, Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tó yí i ká, fi wà láìrí iná ìjọba lò. Ó sì dùn wá nítorí pé ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa níhìn-ín gan-an, ni wọ́n ti ń pèsè iná tí ó ń lọ sí ibòmíràn. Ní gbogbo àkókò náà, wáyà wà lórí òpó, ẹyẹ ń bà lé e, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹni tó bá gbé irú ibẹ̀ yóò mọ̀ pé fíìmù wíwò ní ìnáwó tirẹ̀. Ẹ ó ra bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ẹ gbé fóònù lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń báni gba iná sí i, kí ẹ sì tún ra dátà. Ìwé kò bèèrè nǹkan kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó o, àtùpà tó o. Ẹni márùn-ún lè kà á kí ọjọ́ tó kanrí, kí ẹni kẹfà sì yá a lọ sí Òde-Ìrèlè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ní ayé ìwé ti kọjá, pé fíìmù ni ọmọ ìsinsìnyí mọ̀, mo máa ń bi wọ́n pé ọmọ ìlú wo?

Ìyanu dé

Èyí ló mú mi dé orí ìwé tí ó fún àkọlé mi ní orúkọ. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló dá YouNeek Studios sílẹ̀. Lọ́dún 2015 ni ó gbé ìwé aláwòrán E.X.O. jáde, ìtàn akọni kan tí ń jẹ́ Wale Williams. Lọ́dún 2021, ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé rẹ̀, Iyanu: Child of Wonder sì wà lára wọn. Godwin Akpan, ọmọ Nàìjíríà bákan náà, ló ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin òrukàn kan ni, tí ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Olórí tọ́ dàgbà ní ẹ̀yìn odi ìlú, ní ilẹ̀ kan tí wọ́n fi ayé àtijọ́ ti Yorùbá ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Àwọn ẹranko tí ègún ti bà jẹ́ ń da ilẹ̀ náà láàmú, ọmọbìnrin náà sì wá rí i pé agbára kan wà nínú òun tí òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìtàn yìí di kátúùnù lórí Cartoon Network.

Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti tó: ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Ìyanu, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Bíyí àti Tóyè, lórí ìkànnì tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fi ń jẹun àárọ̀. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, akọni tí ó bá ń fò lójú ọ̀run, orúkọ rẹ̀ kì í jẹ́ orúkọ tí ìyá mi lè pè láìkọsẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, wọn kò sì fi àmì ohùn sórí àwọn orúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé kò ní ohùn, nítorí náà mo ṣe é bí àbúrò bàbá mi ti máa ń ṣe. Mo fi àmì ohùn sí orúkọ wọn fúnra mi, mo sì fi Ìkálẹ̀ sí Ìyanu lẹ́nu. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ìyá àgbà àti ọmọ Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń tọ́ ní Èkó. Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bí ó ti yẹ lọ, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kò sì gbọ́ Ìkálẹ̀ rárá. Ìyá mi, tí í ṣe ìyá àgbà rẹ̀, gbọ́ Ìkálẹ̀, wọ́n gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ yìí bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, àwọn méjèèjì a kí ara wọn, wọn a jẹun pọ̀, ọmọ náà a máa fi ọ̀bẹ̀ gba púpurú wọlé. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ a tán. Ìyá mi kò fi ẹnu sọ pé ó dùn àwọn. Wọ́n kàn máa ń wo ọmọ náà nígbà tí ó bá ń tẹ fóònù.

Mo gbé ìwé Ìyanu fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lábẹ́ òrùlé iwájú ilé. Èrò mi ni pé ọmọ náà yóò máa kà á, n ó sì máa túmọ̀ rẹ̀. A kò tí ì ka ojú ewé mẹ́ta tí ìyá mi fi gba ìwé náà lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní kò sí ohun tí ó ṣòro níbẹ̀: ọmọ òrukàn ni ọmọbìnrin yìí, ẹ wo ojú rẹ̀, ìyá yìí kọ́ ló bí i, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ wo bí ó ti ń bá a wí, ẹranko yìí kì í ṣe ẹranko lásán, wọ́n ti fi nǹkan ṣe é. Ní Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀, láti àwòrán kan bọ́ sí èkejì. Ibi tí ìtàn wọn àti ìtàn inú ìwé ti yà kò ju ibi bíi mélòó kan lọ, ní ibì kan pàápàá, tiwọn ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ náà tẹ orí sí wọn léjìká, ó ń fi ìka tọ́ àwòrán, ó ń bèèrè.

Àwòrán ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ìwé tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan yóò ti ìyá mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìwé aláwòrán ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó sì fi wọ́n jókòó sórí àga olùkọ́.

Nígbà tí ó ṣe, a rí àwọn kan nínú kátúùnù náà wò lórí fóònù mi. Èyí tí a wò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. N kò ní purọ́, ó dára. Àwọn òṣèré wa ló wà nínú rẹ̀. Adesua Etomi-Wellington ló fi ohùn sí Olórí. Wọ́n pe orúkọ bí a ti ń pè é, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì dún bí Gẹ̀ẹ́sì ilé. Àwọn ẹranko tí ó dúró gbagidi lójú ìwé dìde, wọ́n sì mú kí ọmọ náà pariwo. Ṣùgbọ́n mo yíjú wo ìyá mi. Wọ́n ń rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ń sáré ju ìtàn tí wọ́n fẹ́ sọ lọ, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì ti ní ohùn tiwọn. Wọ́n dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni n kò retí. Ọmọ náà dá fóònù dúró. Ó ní òun fẹ́ sọ fún Ìyá àgbà ohun tí Ìyanu wí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá Èkó tí Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ bí òkúta wọ ẹ̀wà. Ìyá mi ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń fi Ìkálẹ̀ tún un sọ, ọmọ náà ń sọ ọ́ tẹ̀lé wọn, ìró gh náà ń bọ́ sí i lẹ́nu bí omi gbígbóná, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún tan fóònù, wọ́n tún dá a dúró. Ohun tí ó yẹ kí a wò ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú gbà wá ju wákàtí kan lọ, títí fóònù fi kú.

Ẹni tí ó ní ìtàn ni kí ó wà nídìí rẹ̀

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo bí àwọn mìíràn ti ṣe tiwọn. Lọ́dún 1966 ni Stan Lee àti Jack Kirby dá Black Panther sílẹ̀ nínú ìwé aláwòrán ní Amẹ́ríkà. Fún àádọ́ta ọdún, Gẹ̀ẹ́sì ni ọba Wakanda ń sọ lójú ìwé. Nígbà tí ó dé inú fíìmù lọ́dún 2016, John Kani, àgbà òṣèré ọmọ South Africa tó ṣe bàbá ọba náà, mú èdè Xhosa, tí í ṣe èdè abínibí rẹ̀, wọ inú eré. Nígbà tí fíìmù Black Panther fúnra rẹ̀ fi jáde lọ́dún 2018, Xhosa ti di èdè Wakanda. Ẹ ò rí i pé gbígbé ìwé lọ sínú fíìmù lè fún ìtàn ní èdè tí kò ní tẹ́lẹ̀? Kìkì pé ẹnì kan tí èdè náà jẹ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì lanu sọ̀rọ̀.

Nítòsí wa níhìn-ín, Marguerite Abouet, ọmọ Ivory Coast, kọ Aya de Yopougon, ìtàn àwọn ọmọbìnrin àdúgbò kan ní Abidjan. Clément Oubrerie ló ya àwòrán rẹ̀, ìwé kìíní sì jáde lọ́dún 2005. Nígbà tí ó di fíìmù kátúùnù lọ́dún 2013, àwọn méjèèjì ló darí rẹ̀ fúnra wọn. Okupe náà kò ta ìtàn rẹ̀ kí ó lọ jókòó. Ó wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ kátúùnù náà ró. Mo rò pé ìdí nìyí tí orúkọ fi dún dáadáa lẹ́nu wọn.

Mo mọ ìdí tí ó fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ńlá ni wọ́n fi ń ṣe kátúùnù, ọjà rẹ̀ sì wà lókè òkun. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Atọ́ka ti fi hàn wá pé àwọn ènìyàn lè fi èdè Yorùbá kún inú àwọn òbìrìkítí funfun wọ̀nyẹn, kí ó sì tà, ní ìgbà tí kò sí kọ̀ǹpútà nílé ẹnikẹ́ni. Lónìí, fóònù tó wà lápò yín lè fi àmì sórí ẹ̀ àti ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó lè yàwòrán pọ̀ láàárín yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa yìí lè kọ Yorùbá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè yà wá ẹni tó lè kọ. Kí ó jẹ́ ojú ewé mẹ́rin péré, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín lórí WhatsApp. Ẹ fi Ìjẹ̀bú kọ ọ́ bí ẹ bá jẹ́ Ìjẹ̀bú, ẹ fi Èkìtì kọ ọ́, ẹ fi Ìlàjẹ kọ ọ́. Kí ó tó dé orí kátúùnù, yóò ti mọ ohùn ara rẹ̀, ẹni tí yóò sì gbé e lọ síbẹ̀ kò ní máa bèèrè èdè tí akọni náà ń sọ.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé, ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Bí ìwé bá wà, ẹ fún ìyá àgbà, kí wọ́n máa túmọ̀ àwòrán bí ó ti wù wọ́n. Bí kátúùnù bá ń lọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ ní kí ọmọ sọ ohun tí ó gbọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Èkó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pe ìyá mi lórí fóònù, ó ní òun ti wo apá mìíràn, pé kí wọ́n jókòó kí òun sọ ọ́ fún wọn.